Bàbá Mi Kò Fẹ́ràn Ọkọ̀ Abẹ́ Ilẹ̀

Bí ẹ bá dé Beyerunka tí ẹ ní ilé Bàbá Onípáànù lẹ ń wá, ẹnikẹ́ni tí ẹ bá bá lójú ọ̀nà ló máa júwe rẹ̀ fún yín. Fàsásì lorúkọ bàbá mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti gba ipò orúkọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí bàbá mi fi kan òrùlé káàkiri àárín Ìbàdàn, láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú dé Yemetu. Àwọn òrùlé tó ti dógùn-ún tí àwọn àlejò máa ń dúró lókè Mápó ya fọ́tò wọn yẹn, bàbá mi mọ èyí tó ń jò nínú wọn àti èyí tí kò jò. Tí wọ́n bá ń bá èèyàn rìn lọ, òkè ni ojú wọn máa ń wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀kadà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá wọn nítorí òrùlé olórùlé.

Èmi ni Karimat, àkọ́bí wọn. Mo ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ní Bẹẹrẹ. Àwọn oníbàárà mi á sọ fún yín pé ọwọ́ mi dára, ẹnu mi ni kò dára, mi ò sì bá wọn jiyàn. Ara mi kì í gba ìdúró. Tí nǹkan bá máa ṣẹlẹ̀, mo fẹ́ kó tètè ṣẹlẹ̀ kí n lè gbájú mọ́ nǹkan mìíràn. Ìwà yìí gan-an ló fa ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Iṣẹ́ orí òrùlé ní òfin, bàbá mi ò sì fi òfin náà ṣeré. Àkọ́kọ́ ni igbe. Ní àdúgbò tiwa, ẹ̀yìnkùlé kan ẹ̀yìnkùlé ni, balùwẹ̀ tó sì wà níbẹ̀ kì í sábà ní òrùlé. Ẹni tó bá gun orí ilé kan, ojú rẹ̀ ti wọ ilé mẹ́wàá nìyẹn. Nítorí náà, kí káfíńtà tó gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà, ó gbọ́dọ̀ ké e lẹ́ẹ̀mẹta pé, "Onílé, mò ń gòkè o! Ẹni tó bá ṣí ara sílẹ̀ kó bò ó o!" Á dúró díẹ̀, kí àwọn obìnrin tó ń wẹ̀ lè fa ìró mọ́ra, kó tó gùn ún. Bàbá mi máa ń sọ pé káfíńtà tí kò bá ké, olè ni, ojú ló fi ń jalè.

Òfin kejì ni pé a kì í pe ẹni tó bá wà lókè. Ìbáà jẹ́ iná ló ń jó. Tí o bá ń wá a, wàá fi òkúta kan ẹsẹ̀ àkàbà, wàá sì dúró títí tí yóò fi lóṣòó, tí yóò wá ibi dì mú, tí yóò sì dáhùn fúnra rẹ̀. Èèyàn tó bá gbọ́ igbe lójijì, ọrùn rẹ̀ á ti yí kó tó rántí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Kí n tó mọ a-b-d ni mo ti mọ òfin yìí. Èmi fúnra mi ti fi í kọ́ àwọn ọmọ onílé pé kí wọ́n má ṣe pe bàbá mi.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, bàbá mi ń kan òrùlé kan ní Pópó Yemọja. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni wọ́n nígbà náà, ara wọn sì le. Mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún wọn. Àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ti lọ kírun àìlà, bàbá mi nìkan ló kù lókè, wọ́n fẹ́ kan páànù kan mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Iléèwé máa wọlé lọ́jọ́ kejì, ìyá ọmọ méjì sì ń dúró dè mí ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò wá òkúta kankan. Mo gbójú sókè, mo sì figbe ta: "Bàbá! Oúnjẹ yín rè é o!"

Bàbá mi yíjú. Ẹsẹ̀ wọn yẹ̀.

Itan ọ̀tún ló dá. Nígbà tí àwọn èèyàn sáré dé, tí wọ́n ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo ní kí n tó dé ibẹ̀ ni bàbá ti wà nílẹ̀. Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo tún un sọ fún dókítà, mo tún un sọ fún àwọn àbúrò mi, nígbà tó sì fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, mo ti mọ̀ ọ́n sọ dáadáa.

Àwọn dókítà fi irin sí itan náà, bàbá mi sì tún fi ẹsẹ̀ rìn, pẹ̀lú ọ̀pá. Àwọn àbúrò mi méjèèjì ṣèpàdé lórí fóònù: Muslimat tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní London, àti Afeez tó ń gbé ní Èkó. Wọ́n ní ọjọ́ ogbó ló fà á. Òòyì ló kọ́ bàbá lórí òrùlé, kí bàbá má gun nǹkan kan mọ́ láé. "Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ wà nílé," ni Afeez wí, "ẹ gba àkàbà yẹn kúrò lọ́dọ̀ wọn." Mo gbé àkàbà náà fún Sìdí, ọmọ Yemetu tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá mi tó sì ti di ọ̀gá fúnra rẹ̀. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Sìdí ń gbé e lọ. Èmi ni wọ́n ń wò, wọn ò wo àkàbà.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ bàbá mi sí mi kò pọ̀ ju ìkíni lọ. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á dáhùn. Mo gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọ́n á ní, "O ṣeun." Ó parí síbẹ̀. Bàbá yìí kan náà ló máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọkọ mi ló gboyà jù ní Ìbàdàn. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ àkàbà ló ń bí wọn nínú. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọjọ́ ogbó kọ́ ló gbé wọn ṣubú, èmi ni. Iṣẹ́ tí àgbàlagbà fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí irọ́ tí mo pa, mi ò sì lè la ẹnu mi tó mú yìí kí n sọ òótọ́. Ó ń dùn mí. Mo ń ránṣọ, ó ń dùn mí.

Muslimat ló kọ́kọ́ ní kí bàbá wá lo oṣù méjì lọ́dọ̀ òun, kí ọkàn wọn lè fúyẹ́. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Muslimat ní àwọn dé orí àtẹ̀gùn kan tó ń fúnra rẹ̀ rìn, tó ń gbé èèyàn lọ sísàlẹ̀ gbuurugbu, ni bàbá bá dúró. Wọ́n wo ìsàlẹ̀, wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n ní, "Muslimat, ta ló kú?" Ó ní kò sẹ́ni tó kú, ọkọ̀ làwọn fẹ́ lọ wọ̀. Wọ́n bá a sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n ṣàhádà ni wọ́n ń kà títí ọkọ̀ fi gbé wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ. Nígbà tí wọ́n yọ sí ìmọ́lẹ̀, bàbá mi gbọn agbádá wọn nù, wọ́n ní, "Alhamdulillahi, a ti jíǹde."

Ó kọ́kọ́ pa Muslimat lẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò pa á lẹ́rìn-ín mọ́, nítorí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti fẹ́ jáde ni bàbá ń wá àwáwí. Ó bi wọ́n pé ṣé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n ni. Bàbá ní ẹ̀rù kọ́. "Ọkọ̀ yẹn yá, kò sí ohun tó ń dí i lọ́nà, mi ò purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó ti pé oṣù kan tí mo ti wà nílùú yín, mi ò mọ ìlú yín. Ihò kan ni mò ń wọ̀, ihò mìíràn ni mò ń gbà jáde. Òkété ló ń gbé ayé bẹ́ẹ̀." Bí wọ́n ṣe lọ ni wọ́n ṣe padà dé. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà wa ní Beyerunka, wọ́n sì ń wo ilẹ̀.

Lọ́dún yìí, ìyàwó Afeez bímọ, èmi àti bàbá sì lọ sí ìsọmọlórúkọ ní Èkó. Ilé Afeez kò jìnnà sí Mile 2. Lọ́jọ́ kejì tí a sọmọ lórúkọ tán, Afeez ní kí n mú bàbá wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Marina, kí a kàn lọ kí a sì bọ̀, kí bàbá lè rí nǹkan sọ nílé.

"Ṣé abẹ́ ilẹ̀ náà ló ń gbà?" ni bàbá mi bèèrè.

Afeez ní rárá o, tó bá dé iwájú, orí afárá ló ń gbà, lókè pátápátá. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí bàbá fi dìde. Èmi ni mo mú ọ̀pá sáré tẹ̀lé wọn.

Níbẹ̀rẹ̀, àárín títì ni ọkọ̀ náà ń gbà, mọ́tò lọ́tùn-ún, mọ́tò lósì. Bàbá mi jókòó. Nígbà tó dé apá Ìgànmú ló bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Títì ń lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òrùlé sì ń yọ: páànù tuntun tó ń kọ mọ̀nà, páànù tó ti pọ́n bí epo, èyí tí wọ́n fi táyà àti bíríkì tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà ká a lọ. Bàbá mi dìde, wọ́n di irin mú, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ imú mọ́ gíláàsì. Mo rí i pé ọrùn wọn nà gùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí wọn nàró bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ní apá Ìjọra, ọkọ̀ sún mọ́ àwọn ilé kan débi pé a ń rí ẹ̀yìnkùlé wọn kedere. Obìnrin kan ń wẹ ọmọ nínú báfù. Ọkùnrin kan dúró sínú balùwẹ̀ tí kò lórùlé, ọṣẹ ti bo orí rẹ̀. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bàbá mi ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn, ohùn tí mi ò gbọ́ láti ọdún méjì sì jáde:

"Onílé, mò ń gòkè o! Ẹni tó bá ṣí ara sílẹ̀ kó bò ó o!"

Gbogbo ọkọ̀ dìde dúró. Ẹnìkan pariwo, "Jésù!" Obìnrin kan gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń bèèrè bóyá iná ni tàbí olè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òfin wí, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni bàbá mi ké e. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì, ilẹ̀ tí a ò tilẹ̀ sí lórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ sáré dé, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Kí ló dé?"

"Ẹ ò ké!" ni bàbá mi wí fún un, inú ń bí wọn gan-an. "Ẹ ń gbé odidi ìlú gba ẹ̀yìnkùlé onílé kọjá, ẹ ò sì ké. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn?"

Mo rọra fa aṣọ wọn. "Bàbá, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ò lè gbọ́ yín. Gíláàsì ti pa dé."

"Kì í ṣe kí wọ́n lè gbọ́ nìkan la fi ń ké. Kí èmi náà má baà jalè ni."

Ẹ̀rín sọ nínú ọkọ̀, àní ẹ̀ṣọ́ náà rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó wọ aṣọ ọ́fíìsì bi bàbá pé irú iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe, bàbá sì ṣàlàyé. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ṣùgbàá wọn. "Ẹ wo tibí yìí, ìṣó rẹ̀ ti yọ, òjò àkọ́rọ̀ ló máa ká a. Ẹni tó kan tọ̀hún yẹn mọṣẹ́, ẹ wo bó ṣe gbé páànù gun ara wọn. Èyí tí wọ́n fi táyà lé yẹn, igi abẹ́ rẹ̀ ló ti jẹrà, táyà ò lè ṣe nǹkan kan fún un." Ọwọ́ wọn ń jù lọ jù bọ̀. Ọmọkùnrin kan ní ojoojúmọ́ lòun ń gba ibẹ̀ kọjá, òun ò wo òrùlé rí. Bàbá ní kó máa wò ó, pé ibi tí onílé ò lè dé ni àṣírí ilé máa ń wà. Inú mi dùn títí mo fi gbàgbé ara mi.

Nígbà tí ọkọ̀ bọ́ sórí omi ọ̀sà, òrùlé tán, bàbá mi sì jókòó. Obìnrin ọlọ́fíìsì náà ṣì ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti ṣubú rí?"

Bàbá mi ń wo omi.

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo," ni wọ́n wí.

"Kí ló fà á?"

"Ọjọ́ ogbó ni."

Wọn ò wo apá ọ̀dọ̀ mi. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́ igbe mi lọ́jọ́ náà tàbí wọn ò gbọ́. Ohun tí mo ti ń fi tu ara mi nínú fún ọdún méjì ni pé wọn ò gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rí ìṣó tó yọ lórí òrùlé láti inú ọkọ̀ tó ń sáré, mo mọ̀ pé ojú rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, etí rẹ̀ náà ò sì lè ṣe nǹkan kan. Gbogbo ọ̀nà tí a gbà padà sí Mile 2, bàbá ń bá àwọn èrò sọ̀rọ̀ òrùlé.

A padà sí Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni bàbá mi fi ń ròyìn ọkọ̀ náà fún gbogbo Beyerunka, àyàfi èmi. Ẹni kan ṣoṣo tó ta kò wọ́n ni Bàbá Ezekiel, ọ̀rẹ́ wọn láti kékeré, Aládùúrà ará Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá Ezekiel fi wa bọ́ọ̀sì akérò, ọmọ tiwọn náà sì ti mú wọn dé London rí. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ni tiwọn, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí bàbá mi kírun àsárì, àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà, èmi jókòó sórí àpótí lẹ́bàá wọn, mo ń rán bọ́tìnnì mọ́ yunifọ́ọ̀mù.

"Fàsásì, o ò mọ ọkọ̀," ni Bàbá Ezekiel wí. "Èmi ni mo wakọ̀. Ọkọ̀ tó dára ni èyí tí òjò ò rí, tí oòrùn ò rí, tí ewúrẹ́ ò lè sáré gba iwájú rẹ̀ kọjá. Lábẹ́ ilẹ̀, kò sí kòtò, kò sí agbèrò, kò sí ẹni tó máa ní kó o páàkì."

"Kò sí afẹ́fẹ́ náà."

"Afẹ́fẹ́ wà! Wọ́n ń fẹ́ ẹ wọlé."

"Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ wọlé!" Bàbá mi pàtẹ́wọ́. "Ezekiel, gbogbo ìgbà tí o fi wọ̀ ọ́, kí lo rí?"

"Kí ni mo fẹ́ rí? Mo dé ibi tí mò ń lọ."

"Ohun tí mò ń wí náà nìyẹn. O dé ibi tí ò ń lọ, o ò mọ ibi tí o gbà débẹ̀. Wọ́n lè gbé ọ gba abẹ́ ààfin, wọ́n lè gbé ọ gba abẹ́ itẹ́ òkú, bákan náà ló máa rí lójú rẹ. Ṣùgbọ́n ti òkè, ò ń rí ilé, ilé ń rí ọ. Ká ní wọ́n ṣe irú rẹ̀ síbí, kó gba orí Bẹẹrẹ, kó gba ẹ̀gbẹ́ Mápó, kó wá dúró ní Ọjà'ba, ìgbà yẹn lo máa tó mọ ìlú tí wọ́n bí ọ sí."

"Ta ni wọ́n máa wó ilé rẹ̀ kí òpó rẹ̀ tó dúró? Ilé rẹ yìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi ọ̀dà pupa sàmì sí. Ti abẹ́ ilẹ̀ kì í wó ilé ẹnikẹ́ni."

Ọ̀rọ̀ náà bá bàbá mi níbi tó dùn wọ́n. Wọ́n wo ògiri ilé wa, ògiri alámọ̀ tí bàbá wọn àgbà mọ. "Tí wọ́n bá gbẹ́ abẹ́ èyí," ni wọ́n wí nígbà tó yá, "ṣé ó máa dúró de ẹni tó máa wó o ni?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ezekiel rí i pé èmi náà ti gbè sẹ́yìn bàbá mi, kò sì dùn mọ́ wọn. Wọ́n fi ọ̀pá wọn nálẹ̀. "Ó dáa. Ohun tó bá wà lókè, ó lè já bọ́. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ò ní ibi tó máa já sí. Ta ló tún yẹ kó mọ ìyẹn jù ọ́ lọ, Fàsásì? Ṣebí orí òrùlé ni ìwọ náà ti já bọ́?"

Wọ́n sọ ọ́ tán kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ti kọjá àwàdà. Bàbá mi ń wo ilẹ̀.

"Ọjọ́ ogbó ni," ni wọ́n wí, ohùn kan náà tí wọ́n fi sọ ọ́ fún obìnrin inú ọkọ̀.

Abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́. Mi ò mọ̀ pé mo ti dìde dúró.

"Kì í ṣe ọjọ́ ogbó," ni mo wí. "Bàbá Ezekiel, ọjọ́ ogbó kọ́. Èmi ni mo pè wọ́n. Oúnjẹ ni mo gbé lọ, mò ń kánjú, mi ò fi òkúta kan àkàbà, mi ò dúró. Mo figbe pè wọ́n, wọ́n yíjú, wọ́n sì ṣubú. Irọ́ ni gbogbo ohun tí mo sọ fún yín."

Bàbá Ezekiel wò mí, wọ́n wo bàbá mi. Wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n tún dé e. "Fàsásì, mò ń lọ sílé," ni wọ́n wí, wọ́n sì lọ láìdúró de ìdáhùn.

Mo kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀, yunifọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́wọ́ mi. "Bàbá, ẹ forí jì mí. Màá pe Muslimat àti Afeez lálẹ́ yìí, màá sọ bó ṣe rí fún wọn. Lọ́la, màá lọ gba àkàbà yín lọ́wọ́ Sìdí. Iṣẹ́ yín ò bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ yín."

"Pè wọ́n," ni bàbá mi wí. "Ṣùgbọ́n jẹ́ kí àkàbà wà níbi tó wà. Itan tó ní irin nínú, ibo ló tún fẹ́ gùn? Ọjọ́ tí mo ṣubú ni mo ti mọ̀ pé ó tán. Ọ̀rọ̀ àkàbà kọ́ ni mo fi ń bá ọ bínú."

"Kí wá ni, Bàbá? Kí ló dé tí ẹ ò fi bá mi sọ̀rọ̀?"

Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń kí wọn, bàbá mi ń fi ọwọ́ dá wọn lóhùn.

"Mo gbọ́ ohùn rẹ, Karimat. Ká ní ohùn ẹlòmíì ni, bóyá mi ò ní yíjú. Mo gbọ́ ọ nígbà tí o sọ pé kí o tó dé ni mo ti wà nílẹ̀, orí ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Mo rò ó pé ẹ̀rù ló bà ọ́, pé wàá sọ ọ́ tó bá di ọ̀la. Tí èmi bá sọ ọ́, àwọn àbúrò rẹ á máa fi bú ọ títí tí màá fi kú, mi ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ni mo bá ń fi ọjọ́ ogbó bò ọ́ láṣìírí. Ṣùgbọ́n mi ò lè bá ọ jókòó kí n máa bá ọ rẹ́rìn-ín lórí rẹ̀. Láràárọ̀ tí o bá gbé oúnjẹ wá, tí o kúnlẹ̀, mo máa ń sọ nínú mi pé bóyá òní ni. Wàá dìde, wàá sì máa lọ."

Mo gbé ojú lé orúnkún wọn, mo sì sunkún bí ọmọdé, níta gbangba, lójú gbogbo ará Beyerunka tó ń ti ọjà bọ̀. Bàbá mi ò ní kí n dákẹ́. Wọ́n jókòó tì mí títí mo fi sunkún tán.